Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Ń Dà Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Abẹ

Bí iṣẹ́ abẹ ńlá bá yọrí sí rere, ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́ ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn. Ṣùgbọ́n ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Port Harcourt, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi gbogbo, dókítà akunilóorun ni ó ń ṣọ́ ẹ̀mí aláìsàn.

Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bí lítà 5 lọ. Bí ìdajì rẹ̀ bá dà nù láàárín wákàtí 3, ewu ńlá dé. Bí oníṣẹ́ abẹ ti ń wá ojú iṣan tí ó já láti so ó, akunilóorun ń fa ẹ̀jẹ̀ tuntun sí aláìsàn lára. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó wọlé, nítorí pé bí ara bá tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dì. Ó tún ń fún un ní oògùn tranexamic acid, kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì má baà tún yọ́.

Síbẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara ènìyàn nìkan ni a ti ń rí i. Ọjọ́ ogun kọ́ ni a ń rọ ọfà. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kí ọjọ́ náà tó dé.