Ohùn Tó Ń Ṣíwájú Táyà

Ní Adégbàyí, ní Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò lọ sí Ẹgbẹ́dá àti Ìkirè, àwọn ọkọ̀ kan wà tí kì í tọ ọ̀nà ọlọ́dà lọ títí. Ọ̀nà oko ni tiwọn. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ọkọ̀ akẹ́rù dé ibi tí omi ti bo ojú ọ̀nà, ọmọ ọkọ̀ ni yóò bẹ́ sílẹ̀, yóò ká ṣòkòtò sókè, yóò fi ẹsẹ̀ wọn omi náà, yóò wá máa ké pé: "Ọwọ́ ọ̀tún! Ọ̀tún díẹ̀ sí i! Máa bọ̀!" Awakọ̀ kò rí kòtò tó wà nísàlẹ̀ omi. Ohùn ọmọ ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ mú iṣẹ́ yìí kúrò nínú ẹrẹ̀, ẹ fi eré tó lé ní 120 kìlómítà ní wákàtí kan kún un: iṣẹ́ atọ́nà nínú ìdíje ráálì nìyẹn. Ráálì kì í ṣe eré tí wọ́n ń sá yípo pápá. Ọ̀nà gidi ni wọ́n ń gbà, ọ̀nà igbó, ọ̀nà òkè, ọ̀nà eléruku. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ lọ́tọ̀, aago ló sì ń ṣe ìdájọ́. Ènìyàn méjì ló ń bẹ nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń wakọ̀, èkejì ń kàwé.

Inú ìwé yẹn ni gbogbo ọ̀nà wà. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń gba àwọn méjèèjì láyè láti gba ọ̀nà náà kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́pọ̀ ìgbà, láìsáré. Nígbà àkọ́kọ́, awakọ̀ ń sọ ohun tó rí, atọ́nà ń kọ ọ́ sílẹ̀: kọ́nà ọ̀tún, bó ṣe ká tó, iye mítà tó kù kí òmíràn tó dé, òkúta tó wà létí ọ̀nà, ibi tí ọ̀nà ti gun òkè tí ẹnikẹ́ni kò lè rí òdì kejì rẹ̀. Nígbà kejì, atọ́nà ń kà á padà, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ń fi nọ́ńbà pe kọ́nà, 1 fún èyí tó ká jù, 6 fún èyí tó ṣeé fi eré gbà. Àwọn mìíràn yí i padà: 1 ni kọ́nà eré tiwọn. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba atọ́nà tó bá pààrọ̀ awakọ̀. Nọ́ńbà tó ń gba ẹ̀mí là lẹ́nu ẹnì kan lè gbé ọkọ̀ lu igi lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kíkà á nìkan kò tó. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo gba mítà 33. Bí ìpè bá pẹ́, kọ́nà ti kọjá. Bó bá yá jù, awakọ̀ á gbàgbé, nítorí ìpè mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀. Onílù tó ń lu gángan fún oníjó mọ ohun tí à ń sọ: kí ẹsẹ̀ oníjó tó gbéra ni ìlù ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, oníjó kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń fẹ́ ẹ. Awakọ̀ kan ń fẹ́ ìpè kọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ń fẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Atọ́nà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà, nítorí wọ́n gbé àga rẹ̀ sísàlẹ̀ kí ìwúwo ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ tó ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń fì ló ń sọ ibi tó kà dé fún un.

Oṣù Kìíní ọdún 2021 fi hàn bí àjọṣe awakọ̀ àti atọ́nà ṣe lè já lójijì. Thierry Neuville, awakọ̀ ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, àti Nicolas Gilsoul, atọ́nà rẹ̀, tí wọ́n ti jọ wà láti 2011, pínyà nígbà tí ìdíje Monte Carlo ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Martijn Wydaeghe ni wọ́n fi rọ́pò Gilsoul. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù lòun náà, ṣùgbọ́n èdè Dutch ló fi dàgbà, èdè Faransé sì ni Neuville ń fẹ́ gbọ́ ìpè. Ẹ rò ó wò: kéèyàn máa fi èdè tí kì í ṣe tìyá rẹ̀ ka kọ́nà lórí yìnyín, fún ọkùnrin tó ti gbọ́ ohùn ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́wàá! Ipò kẹta ni wọ́n gbé wálé.

Ìwé ọ̀nà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1955, nínú ìdíje Mille Miglia ní Ítálì, akọ̀ròyìn Denis Jenkinson ká ìwé tó gùn tó bíi mítà márùn-ún sínú àpótí kékeré kan, ó ń yí i bí ọ̀nà ṣe ń lọ. Ọkọ̀ tí Stirling Moss ń wà kò ní òrùlé, ariwo rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ọwọ́ ni Jenkinson fi ń sọ̀rọ̀. Wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú méje àti àáyá 48 ni wọ́n fi borí.

Ilẹ̀ Áfíríkà ló dán iṣẹ́ náà wò jù lọ. Ní Kòtìfúà, ìdíje Bandama ọdún 1972 le débi pé kò sí ọkọ̀ kan tó parí rẹ̀. Níbẹ̀ náà, ní 1982, awakọ̀ Michèle Mouton gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó wọkọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, Fabrizia Pons, atọ́nà rẹ̀, sì jókòó tì í, obìnrin méjì nínú Audi kan, tí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ṣì wà ní àrọ́wọ́tó wọn. Wọ́n ṣíwájú fún ìgbà pípẹ́, kí ọkọ̀ tó yọ wọ́n lẹ́nu, kí wọ́n tó fi orí sọ igbó. Walter Röhrl, tó ń bá a du ife náà, ló gbà á. Ohun tí Pons ń kà sétí ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ ní gbogbo ọ̀nà yẹn tó iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Kò sí ará Ìbàdàn tó dàgbà tí kò mọ Pijó 504. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà ní Kàdúná, ọdún náà gan-an ni 504 borí ní ráálì Safari ní Kẹ́ńyà. Ove Andersson ló wà á, Arne Hertz ló ń kàwé. Hertz kò dúró sọ́dọ̀ awakọ̀ kan. Ó bá Hannu Mikkola lọ, Mikkola di akọni àgbáyé ní 1983, àwọn méjèèjì sì padà wá gba Safari ní 1987 nínú Audi. Orúkọ Mikkola ni ọ̀pọ̀ rántí.

Ìwé kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ atọ́nà. Òun ló ń ṣọ́ aago: bí wọ́n bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan dé ibùdó àyẹ̀wò, wọ́n á fi àáyá mẹ́wàá jìyà, bí wọ́n bá yá ní ìṣẹ́jú kan, odindi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n á san. Bí táyà bá fọ́, ó ń bẹ́ sílẹ̀ bí ọmọ ọkọ̀ Adégbàyí.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, ní Japan, Neuville di akọni àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Wydaeghe ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń fi èdè Faransé kàwé.