Èéfín Dúdú Kì í Ṣe Agbára

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń gun òkè, tí èéfín dúdú sì ń rú túú ní ìdí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé, “Ọkọ̀ yìí mà lágbára o!” Àwa pẹ̀lú ti wí bẹ́ẹ̀ rí, kí ọ̀ràn ọkọ̀ àbúrò wa obìnrin kan, oníṣòwò iṣu, tó là wá lójú.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà sínú. Pístìn a sì fún un pọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi ju ìwọ̀n 500 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n 100 ni omi fi ń hó. Nígbà náà ni pọ́ǹpù yóò ti epo gba ẹnu nọ́sù wọlé bí ìrì, epo a sì gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó fi èyí hàn yanjú ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Ní ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ Robert Bosch ní Stuttgart bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pọ́ǹpù tí ó yẹ ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀pọ̀.

Níhìn-ín ni ẹ fiyè sí. Kílò dísẹ́ẹ̀lì kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 14 àti ààbọ̀ kí ó tó jó tán, ó sì sàn kí afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù. Bí epo bá ju afẹ́fẹ́ lọ, èyí tí kò jó tán a di èédú lẹ́búlẹ́bú. Òun ni èéfín dúdú náà: owó tí a kó dà sójú ọ̀nà.

Dẹ́rẹ́bà àbúrò wa ráhùn pé ọkọ̀ ń fà lórí òkè. Mẹkáníìkì kan já òǹtẹ̀ òjé ara pọ́ǹpù, ó sì yí súkúrù tí ń dín epo kù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ fi sáré bí ẹṣin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pístìn kan yọ́, ó lu, iṣu sì rà sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, asẹ́ afẹ́fẹ́ kún fún erùpẹ̀ pupa tó bẹ́ẹ̀ tí à bá fi gbin àgbàdo. Èémí ni ọkọ̀ náà ń wá, oúnjẹ ni wọ́n ń fi kún un! Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àbúrò wa fi rà á kò sì tí ì tán.

Nítorí náà, asẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà asẹ́ epo àti omi tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́sù àti àkókò tí epo ń wọlé. Pọ́ǹpù ni ó kẹ́yìn, lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn epo ojúhò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè dọ́gba. Bí èéfín bá pọ́n bí aró, epo ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó. Ẹ má fọwọ́ kan pọ́ǹpù nítorí rẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́: kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ dí ẹnu nọ́sù tí a ń dán wò. Agbára epo náà a máa tó ìlọ́po 200 agbára afẹ́fẹ́ ayé. Ó ń gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà lè pàdánù ọwọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo, àwọn kan sì ń san owó kí a yí i padà kí epo lè pọ̀ sí i. Òfin afẹ́fẹ́ kò yí padà nítorí èyí. Ní ọdún 2012, àjọ tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa àrùn náà.

Ọkọ̀ àbúrò wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, òǹtẹ̀ tuntun sì wà lára pọ́ǹpù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń tú asẹ́ afẹ́fẹ́ wò ní gbogbo Sátidé, kí dẹ́rẹ́bà tó gba kọ́kọ́rọ́.