Kí Èèkàn Má Tu: Ilẹ̀ Oríṣiríṣi àti Tàkúté Coyote

Gbogbo wa la mọ èèkàn. Òun ni wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó so ewúrẹ́ mọ́ ọn, òun náà ló ń di okùn kánópì mú lóde ìnáwó. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí a bá so ẹran mọ́ ni ó ti ń jẹ. Òótọ́ ni o, àmọ́ èèkàn ọ̀hún kò gbọdọ̀ tu. Iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé bí èèkàn bá tu níbẹ̀, ìyà ńlá ló ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ náà ni dídẹ tàkúté fún coyote.

Kí ló ń jẹ́ coyote? Ẹranko ìgbẹ́ ni, ìbátan ìkookò àti ajá. Etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ìrù rẹ̀ kún fún irun, èyí tó dàgbà sì sábà máa ń wọ̀n tó kílò 9 sí 20. Ó wà láti Kánádà títí dé Panama. Ehoro àti eku ló ń jẹ jù, àmọ́ ó tún máa ń pa ọmọ àgùntàn àti ọmọ ewúrẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ẹran níbẹ̀ fi ń dẹ tàkúté dè é. Àwọn mìíràn sì ń dẹ ẹ́ nítorí awọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni tàkúté yìí ń gbá mú. Kì í ṣe pé kó pa ẹran náà, kó kàn dá a dúró ni títí ẹni tó dẹ ẹ́ yóò fi dé. Ṣéènì ló so tàkúté mọ́ èèkàn tó wà nínú ilẹ̀. Tí èèkàn bá tu pẹ́nrẹ́n, coyote á sá lọ tòun ti irin lẹ́sẹ̀. Kò ní lè ṣọdẹ mọ́, ọgbẹ́ rẹ̀ á máa kẹ̀, ebi sì lè pa á sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ èèkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré?

Kí ló wá ń di èèkàn mú gan-an? Ilẹ̀ ni. Nígbà tí a bá gbá irin wọlẹ̀, ilẹ̀ á fún un mọ́ àárín, á sì máa ha á mọ́ra kó má lè yọ. Bí ilẹ̀ kan ṣe ń fún irin yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà èèkàn wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká wò ó ní mẹ́rin.

Ilẹ̀ amọ̀: Irú èyí pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, pupa ni bíi tiwa. Amọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń di irin mú dáadáa. Irin rọ́ọ̀dù irú tí àwọn bíríkìlà ń lò, tó gùn tó íǹṣì 18 sí 24, sábà máa ń tó níbẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún ni òjò. Amọ̀ tó bá ti mu omi yó máa ń yọ̀, èèkàn tó le lánàá sì lè máa mì lónìí.

Ilẹ̀ iyanrìn: Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Sandhills ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Iyanrìn kì í lẹ̀ mọ́ra. Fífa irin gbọọrọ yọ níbẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn fa ṣíbí yọ nínú gàrí gbígbẹ. Àwọn kan máa ń gba irin méjì wọlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí wọ́n kọjá ara wọn bí àmì X. Àwọn mìíràn ń lo èèkàn oníwáyà: irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni wọ́n so mọ́ ìdí wáyà, wọ́n á fi ọ̀pá irin tì í wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n á yọ ọ̀pá, wọ́n á wá fa wáyà sókè díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ náà á yí, á dábùú sínú ilẹ̀. Kó tó lè jáde, àfi kó gbé gbogbo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbọ́ èyí. Ilẹ̀ tí irin náà fẹ́ gbé rí bí òkòtó tí ṣóńṣó rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Tí jíjìn òkòtó náà bá di ìlọ́po 2, tí ìrísí rẹ̀ kò sì yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ á di 2 × 2 × 2, ìyẹn ìlọ́po 8. Ẹ ò rí i pé jíjìn lérè!

Ilẹ̀ tó dì: Nígbà òtútù ní North Dakota, ojú ilẹ̀ máa ń le bíi kọnkéré. Irin á ṣòro láti gbá wọlẹ̀, á tún ṣòro láti yọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí oòrùn bá yọ́ yìnyín inú ilẹ̀, ibi tó le á di ẹrẹ̀. Nítorí náà, èèkàn ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrú.

Ilẹ̀ àpáta: Ní Edwards Plateau ní Texas, níbi tí wọ́n ti ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́ púpọ̀, òkúta ẹfun kò jìnnà sójú ilẹ̀. Níbi tí irin kò bá ti wọlẹ̀, ìwọ̀ onírin ni wọ́n ń so mọ́ ṣéènì gígùn. Coyote á wọ́ ọ lọ díẹ̀, ìwọ̀ á kọ́ igbó, á dúró. Àmọ́ ní pápá tí kò sí igi, kí ni ìwọ̀ fẹ́ kọ́?

Ilẹ̀ yòówù kó jẹ́, àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló wà: kéèyàn di èèkàn mú, kó fà á sókè tagbáratagbára kó tó dẹ tàkúté. Tó bá mì, kó tún un ṣe. Kò tán síbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní òfin lórí iye wákàtí tí tàkúté lè wà láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Colorado ní 1996 àti ti California ní 1998 tiẹ̀ dìbò láti fòfin de irú tàkúté yìí, yàtọ̀ sí àwọn àyè díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tí òfin bá wá gbà láyè, ó kéré tán, kó má fi ẹran sílẹ̀ nínú oró nítorí èèkàn tí kò jìn.

Ẹ lè dán ìlànà yìí wò lẹ́yìn kíláàsì láìdẹ tàkúté kankan. Ẹ mú igi mẹ́ta tó dọ́gba, ẹ gbá wọn wọ ilẹ̀ amọ̀, iyanrìn àti ẹrẹ̀, kí jíjìn wọn dọ́gba. Ẹ fi òṣùwọ̀n onísípíríìnì inú láàbù fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ iye tó mú sílẹ̀. Ẹ lẹ èsì yín mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Kó tó di ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá tí a máa ta kánópì, ó yẹ ká ti mọ èyí tó le jù.