Ìdí Tí Wọn Ò Fi Yọ Ìwé Fágúnwà Kúrò ní Kíláàsì

  Admin yín ni o. Ìyá kan nínú wa béèrè lánàá pé kí ló dé tí tíṣà ọmọ òun ṣì ní kí wọ́n ra Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí bàbá òun náà kà. Ṣé kò sí òmíràn ni?

Òmíràn wà. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà, ó sì dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ti Fágúnwà yìí. 1938 ló jáde. Tíṣà ni Fágúnwà fúnra ẹ̀, ọmọ Òkè-Igbó. Ó mọ ìgbà tí oorun máa ń kun ọmọ ní kíláàsì. Ẹ ò ní ka ojú ewé púpọ̀ kí iwin kan tó yọ. Ìtàn ibẹ̀ wà ní wẹ́wẹ́: ọdẹ pàdé ẹ̀dá kan, wọ́n jà, ó parí. Tíṣà lè ka ọ̀kan tán kí aago tó lù. Ìwé tí ìtàn ẹ̀ gùn bí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ìdajì ni wọ́n ń kà kí táàmù tó parí.

Òwe àti àfiwé kún inú ẹ̀ bí ẹ̀wà inú àpò, ẹni tó ń ṣe ìdánwò ò lè wá ìbéèrè tì. Ìmọ̀ràn náà pọ̀, títí dórí ọmọ títọ́, inú òbí sì ń dùn sí i. Ní tèmi o, ìmọ̀ràn yẹn gùn jù níbòmíràn, àwọn ọmọ máa ń fò ó ni.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ó mọ èyí: ọjà tó ti ní oníbàárà, a kì í yí i padà. Tíṣà ti ní nóòtì ẹ̀, ẹni tó ń tàwé mọ̀ pé yóò tà, ẹ̀dà ẹ̀gbọ́n wà nílé fún àbúrò. Ṣóyínká tún túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ni orúkọ ẹ̀ bá délé òyìnbó. Fágúnwà ò sí láyé mọ́ nígbà yẹn. 1963 ló kú, lẹ́bàá Bídà.

Tiwa ní Mpape ló yàtọ̀. Háúsá, Gbàgyí àti píjìn lọ́mọ wa ń gbọ́ láàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ egbére, báwo ló ṣe fẹ́ gbádùn ẹ̀? Kíláàsì nìkan ò lè ṣe é. Nínú ìwé náà gan-an, Àkàrà-Oògùn ló ń sọ ọ́ lẹ́nu tí ẹlòmíràn ń kọ ọ́. Ẹ kà á sókè fún wọn lálẹ́, bó ṣe ojú ewé méjì.

Ìyá, ẹ̀dà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èèpo ẹ̀ ti já, àmọ́ ojú ewé pé. Ẹ rán ọmọ wá mú un, kó dá a padà kó tó kan ẹlòmíràn.