Ṣé o mọ̀? Fíìmù ọdún 1902 tí àwọ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò

Ní 1902, Georges Méliès, ará Faransé, ṣe fíìmù nípa ìrìn-àjò lọ sínú òṣùpá. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọn ẹ̀dà kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé ẹ̀dà aláwọ̀ ti sọnù, àfi ìgbà tí ọ̀kan jáde ní Barcelona ní 1993. Ó ti lẹ̀ mọ́ra gbagidi!

Wọ́n fi oòru kẹ́míkà rọ̀ ọ́, wọ́n rọra ṣí i, wọ́n sì ya á sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi ẹ̀dà dúdú-òun-funfun dí ibi tó ti bàjẹ́, kọ̀ǹpútà sì kun ún. Àwòrán 13,375 ni wọ́n tún ṣe kí wọ́n tó fi í hàn ní Cannes ní 2011.

Ẹ má ṣe da fíìmù àtijọ́ nù. Ó lè ṣeé tún ṣe.