Omi, Iyọ̀ àti Ṣúgà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó fi ọgbọ́n ìṣègùn ran aráyé lọ́wọ́, ẹ̀rọ ńlá àti oògùn olówó gọbọi ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju omi, iyọ̀ àti ṣúgà lọ.

Ohun tí ó ń pa ẹni tí àrùn onígbáméjì bá mú ni pé ara rẹ̀ a gbẹ. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì a máa fa omi àti iyọ̀ jáde kúrò ní ara rẹ̀, ojú rẹ̀ a jìn sínú, awọ ara rẹ̀ a hunjọ, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní ọdún 1832, Thomas Latta, oníṣègùn kan ní Scotland, da omi iyọ̀ sínú iṣan àwọn aláìsàn, àwọn kan nínú wọn sì sọjí. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ abẹ́rẹ́, omi tí kò ní kòkòrò nínú, àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Mélòó ni abúlé tí ó ní wọn?

Ẹnìkan lè béèrè pé, èé ṣe tí a kò kúkú fún aláìsàn ní omi iyọ̀ mu? Omi iyọ̀ nìkan kò tó. Ìfun tí àrùn ti dààmú kì í gbà á dáradára, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò tún ṣàn jáde ni. Níhìn-ín ni ṣúgà ti wúlò. Ní ọdún 1960, Robert Crane ṣàlàyé pé ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà ní ara ìfun, tí kì í ṣí àfi bí ṣúgà àti iyọ̀ bá jọ dé ẹnu rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá sì ti wọlé, omi a tẹ̀lé wọn. Àrùn onígbáméjì kò lè ti ilẹ̀kùn yìí. David Nalin àti Richard Cash sì fi èyí hàn lára àwọn aláìsàn ní Dhaka ní ọdún 1968.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò gbà á gbọ́, títí di ọdún 1971. Ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh nísinsìnyí wọ India, àrùn onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó wọn ní Bangaon. Dilip Mahalanabis, oníṣègùn àwọn ọmọdé, ni ó wà níbẹ̀. Àwọn aláìsàn kún ilẹ̀ yàrá débi pé nínú ìgbẹ́ àti èébì ni ó ti ń kúnlẹ̀ tọ́jú wọn. Omi tí a ń dà sí iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó pàṣẹ pé kí a po omi, iyọ̀ àti ṣúgà sínú àgbá, kí àwọn ìbátan aláìsàn máa fi ife bù ú fún wọn mu. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 ni ó ń kú; lẹ́yìn èyí, kò tó 4. Ní tèmi, ohun tí ó jọ mí lójú jù lọ ni pé ó fi ife lé ìyá àti ẹ̀gbọ́n aláìsàn lọ́wọ́.

Láti ọdún 1980, ẹgbẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní Bangladesh láti kọ́ àwọn ìyá ní pípò rẹ̀. Bí àwọn ìyá bá ti rántí ẹ̀kọ́ náà tó lẹ́yìn náà ni owó olùkọ́ náà yóò ti pọ̀ tó. (Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ pé a kì í san owó tiwa báyìí!) Ìdílé tí wọ́n kọ́ ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Èyí tí a dì sínú àpò ní ilé ìwòsàn ni ó dára jù. Bí kò bá sí, kí a po ṣíbí ìmu-tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí náà iyọ̀, láìjẹ́ kí ó ga lórí, mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu púpọ̀ fún ọmọdé. Nítorí náà kí ìyá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí ó dà á nù, kí ó sì tún òmíràn pò.