"Ó Ní Òun Ti Dá A Padà": Ọ̀rọ̀ Lórí "Had" Nínú Gẹ̀ẹ́sì Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ "had" ni mo mú wá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti fi ìyà ọdún kan jẹ ènìyàn kan lójú mi, èmi gan-an ni mo sì fà á.

Ní Èkó ni, kí ìjọba àpapọ̀ tó kó olú-ìlú wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ni mí nígbà náà, wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan tó ń wádìí ọ̀rọ̀ fáìlì owó kan. Wọ́n pe ọ̀gbẹ́ni kan tó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ohun tó sọ lẹ́nu ara rẹ̀ ni pé: "I had returned the file when the auditors came." Ìyẹn ni pé kí àwọn ọ́dítọ̀ tó dé ni òun ti dá fáìlì padà. Nígbà tí mo jókòó láti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo kọ báyìí pé: "He said that he returned the file when the auditors came."

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí mo kọ túmọ̀ sí pé ìgbà tó rí àwọn ọ́dítọ̀ ló tó sáré dá fáìlì padà. Àwọn ọ̀gá tó ka ìwé náà kò sí níbi ìpàdé, ohun tí wọ́n rí nínú ìwé ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gbẹ́ni yìí pé kó wá wí tẹnu rẹ̀, ìgbéga rẹ̀ sì falẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti inú fáìlì tún burú ju ti ẹnu lọ. Nígbà tí mo rí àṣìṣe mi, mo kọ̀wé láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó lórí ìgbéga ti tú ká.

Kí ló dé tí ẹni tó ti yunifásítì dé fi ṣe irú rẹ̀? Mo rò pé "said" ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, kí la tún ń wá "had" fún? Orí Yorùbá ni mo fi rò ó. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí pé a ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ. "Mo ti san owó" a di "Ó ní òun ti san owó." "Mo ń bọ̀" a di "Ó ní òun ń bọ̀." "Ti" kò yẹsẹ̀, "ń" kò yẹsẹ̀. "Ti" kan ṣoṣo yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ "has" àti iṣẹ́ "had" fún wa.

Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń ròyìn bá ti wà ní àsìkò tó kọjá, bíi "said", "told" tàbí "explained", ó máa ń fa èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin wa ní Idu níbí, níbi tí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Keje ọdún 2016. Ká ní òṣìṣẹ́ kan sọ fún yín pé: "The train is leaving." Bí ẹ bá ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó ní: "He said that the train was leaving." Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ṣì lè sáré bá a. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "The train has left" ló sọ, ẹ ó ní: "He said that the train had left." Kí onítọ̀hún yáa wá mọ́tò ni.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ní "The train leaves at seven", ìyẹn ni pé aago méje ló máa ń gbéra, ìròyìn rẹ̀ ni "He said that the train left at seven." Bó bá ní "The train left at seven", pé ó ti lọ láago méje, ìròyìn tirẹ̀ ni "He said that the train had left at seven." "Had" nìkan ló ya ọkọ̀ tó ti lọ kúrò lára èyí tí a ṣì lè wọ̀ lọ́la. Ní ti "had" tó ti wà lẹ́nu ẹni náà tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí a tún lè fà á sí mọ́, bó ṣe wà ni ká fi í sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ ọjọ́sí nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó pọn dandan. "She said that she came to Abuja in 1991" kò ní àbùkù, ọdún tó wà níbẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣì jẹ́ òótọ́ títí di òní lè dúró bẹ́ẹ̀: "The teacher told us that Idu is in Abuja." Bó bá sì jẹ́ "says" la fi ròyìn, ohunkóhun kì í yí.

Àsìkí "had" wá pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́tà mélòó ni mo ti kà tó ní "I had visited your office yesterday"! Aṣíwájú ni "had". Bí kò bá sí ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ta ló ń ṣíwájú? "I visited" ti tó. Bákan náà, bí aládùúgbò yín bá ní "I am sick", ẹ má ṣe lọ sọ nípàdé pé "He said that he had been sick." Wọ́n á rò pé ara rẹ̀ ti yá, ẹnikẹ́ni kò sì ní lọ bẹ̀ ẹ́ wò. "He said that he was sick" ni.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́n jù. Bí a bá ní "Adé sọ fún Òjó pé òun ti san owó", Adé ló san án. Bí a bá ní "pé ó ti san owó", a mọ̀ pé Adé kọ́. Gẹ̀ẹ́sì yóò ní "he had paid", ẹ ó sì máa wá ẹni tó sanwó kiri.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń bá yín kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá, níbi iṣẹ́ tàbí nípàdé onílé, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kó pe ọmọ rẹ̀ kó bá a kà á. Níbi tí ẹ bá ti ṣe nǹkan kan kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀, ẹ wá "had" níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n fi sí i, kí ẹ sì buwọ́ lù ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti tún un ṣe.